Igbá Tíṣà Kulikáánì

Ọ̀nà Fìdítì ló la igbá náà,
kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni.
Lọ́ọ̀rì já sí kòtò, ẹrù fò, ẹrù balẹ̀.
Kí tíṣà ìṣirò tuntun tó dé Ọ̀yọ́,
ìdí ohun èlò rẹ̀ ti là bí ẹnu ọmọ tó fẹ́ sunkún.
Wọ́n ní, "Lọ sí Jàbátá, kí o bèèrè ilé Lájídé.
Bàbá yẹn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ igbá."

Ó gbá a mọ́yà wọlé bí ẹni gbé aláìsàn:
ọrùn kan tó gùn jù mí lọ,
okùn mẹ́rin,
àti igbá ràbàtà nísàlẹ̀,
irú èyí tí à bá là sí méjì fún ìyàwó tuntun.
Tanpúrà ló pè é.
Bàbá mi fi èékánná kàn án lẹ́yìn, kó, kó.
"Ta ló gbin èyí?"
"Àwọn àgbẹ̀ etí odò, nílùú wa."
"Wọn ò kánjú ká a. Wọ́n ṣeun."

Ọjọ́ mẹ́ta. Ó fi irin gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́,
ó rán ojú ibi tó là bí a ti ń rán igbá nílé wa,
ó fi oje igi dí i.
Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní, "Jẹ́ n gbọ́ ọ."

Tíṣà jókòó sórí ẹní.
Ó ki òwú tín-ín-rín sábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan,
níbi tí okùn gbé gun afárá.
Kí òwú tó wọbẹ̀, irin lásán ló ń ké.
Òwú wọbẹ̀, oyin jí nínú afárá.

Bàbá gbọ́, gbọ́, gbọ́. "Kí ló ń wí?"
"Kò wí nǹkan kan."
"Ohun èlò tí ò wí nǹkan kan? Ní Ọ̀yọ́ yìí?"
"Ilẹ̀ ni, Bàbá. Ohùn ènìyàn ni yóò dúró lé e.
Ilé kì í bi ilẹ̀ pé kí ló wí."
Bàbá dákẹ́.
Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, mo rí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pọnmi lọ sílé tíṣà l'Ápáàrà.
Omi ni mo wí fún ìyá mi; etí ni mo gbé lọ.
Sa, Re, Ga, Ma, Pa, Dha, Ni.
Mẹ́rin nínú wọn a máa rẹlẹ̀, ọ̀kan a máa gòkè.
Sa àti Pa kì í yẹ̀.
Mo ní àwa náà ní irú rẹ̀: igbá, igba, ìgbà, ìgbá.
Ó gbìyànjú. Ó fi ìgbà pe igbá.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dànù.

Tábúlà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè òkun;
àwòrán ló gbé kọ́ ògiri, ìlù kékeré méjì,
ẹyinjú dúdú lójú awọ wọn.
Agolo mílíìkì méjì ló ń lù dípò wọn:
dha dhin dhin dha, dha dhin dhin dha.
Mẹ́rìndínlógún, mo ń kà á sórí oríkèé ìka:
pàtẹ́wọ́, pàtẹ́wọ́,
ju ọwọ́ nù bí ẹni lé eṣinṣin,
pàtẹ́wọ́.
Ibi yòówù kí o rìn dé, ọ̀kan ni ilé.

Ọyẹ́ dé. Ètè mi là. Mo ní kó kọ ráágà òjò.
Ó kọ̀.
"Ti òwúrọ̀ wà fún òwúrọ̀, ti òru fún òru.
Ti òjò ń dúró de òjò.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní igbá tirẹ̀."
Ìgbà ló fẹ́ wí. N kò tún un ṣe fún un.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, àdéhùn rẹ̀ parí, ó lọ,
òun àti igbá, àti okùn bàbá mi lára igbá.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá a máa fín ìlà méje yí etí igbá rẹ̀ ká,
márùn-ún fẹ́ẹ́rẹ́,
èkínní àti ìkarùn-ún jinlẹ̀.
Bí oníbàárà bá bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀,
á ní ọwọ́ òun ló yẹ̀.